Tíkẹ́ẹ̀tì Manchester fún ẹni tó ń lọ sí Croydon

Màmá ló fẹ́ rìnrìn àjò, àmọ́ kò sí ẹni tó bi Màmá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti ta aṣọ òkè lọ́jà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Croydon, lápá gúúsù London. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Físà ti jáde, ti àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà. Àdírẹ́sì Croydon ló wà nínú fọ́ọ̀mù, òun náà ló wà nínú lẹ́tà ìpè tí ọkọ ọmọ kọ. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Obìnrin tó ni ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣe iṣẹ́ náà, lágbègbè Mókọ́lá, ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì ní kí n kọ ọ́ fún àwa tí à ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, bí mi ò bá ti ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. N ó máa pè é ní Aǹtí, bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń pè é. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa n'Ìbàdàn, Aǹtí kò ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù àgbáyé. Ẹ́jẹ́ńtì ńlá kan ní Èkó ló ń bá a tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, owó tí Aǹtí fi síkàáwọ́ wọn ni wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà padà jó o dé.

Àkọ́bí Màmá, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, ló kọ́kọ́ wá béèrè iye. Aǹtí bá a wo Lagos sí London, àlọ àtàbọ̀, bàlúù tó ń lọ tààrà: àlọ láàárín oṣù Kẹfà, àbọ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ó fi iye náà ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ọkọ ọmọ ti pè láti Croydon. Òun náà ti wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti rí nǹkan. Ilé-iṣẹ́ kan náà, bàlúù kan náà, ọjọ́ kan náà, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tó gba London lọ sí Manchester fi ₦210,000 dín sí ti London.

“Aǹtí mi, ẹ bá wa ra ti Manchester. Màmá á kàn sọ̀ kalẹ̀ ní London. Kí ló kàn wá kan Manchester?”

Kì í ṣe àṣìṣe kọ̀ǹpútà ló rí o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í tẹ̀ lé bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ibi tí èrò ti gbéra àti ibi tó máa parí ìrìn sí ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń wo àwọn tí wọ́n jọ ń fa èrò ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé èèyàn láti Lagos lọ sí London tààrà kò pọ̀, ẹni tó bá sì ń kánjú á san iye tí wọ́n bá ní kó san. Àmọ́ ẹni tó bá ń lọ sí Manchester lè gba Istanbul, ó lè gba Doha, ó lè gba Cairo tàbí Addis Ababa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e gba London gbọ́dọ̀ dín owó kí wọ́n tó lè rí i gbé. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn ní gáréèjì, lọ́jọ́ tí èrò Ògbómọ̀ṣọ́ bá wọ́n, tí awakọ̀ á máa pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní owó tó dín sí ti Ọ̀yọ́, tó sì jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ló máa gbà kọjá.

A ò sì lè dá àwọn èèyàn wa lẹ́bi pé wọ́n ń wá ẹ̀dínwó. Kò tíì pẹ́ tí nǹkan le gan-an. Lọ́dún 2023, owó àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù ilẹ̀ òkèèrè tó há sí Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 800 dọ́là. Emirates ti kó ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2022, wọn ò sì padà wá títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ló ti tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wọn pa mọ́ àwa ẹ́jẹ́ńtì ilẹ̀ yìí, débi pé èrò Ìbàdàn ń gbọ̀nà Cotonou àti Accra lọ wọ bàlúù. Ìgbà yẹn ni ẹnu oníbàárà mú: wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìlú wé ìlú, wọn ò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Aǹtí sọ fún ọkọ ọmọ pé ìyẹn ò dáa. Ọkùnrin náà fi fídíò kan tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí ránṣẹ́ sí i, ó tún fi ìtàn ilé-ẹjọ́ tì í lẹ́yìn. Lufthansa, ilé-iṣẹ́ bàlúù Jámánì, gbé èrò kan lọ sílé-ẹjọ́ ní Berlin. Láti Oslo lọ sí Seattle ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àlọ àtàbọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́dún 2016, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Frankfurt, kò wọ bàlúù Oslo mọ́. Wọ́n ní kó san 2,112 yúrò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù. Skiplagged, ìkànnì tí Aktarer Zaman dá sílẹ̀ lọ́dún 2013 láti máa wá irú tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, ilé-iṣẹ́ bàlúù United pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ tó wà ní Chicago sì ní ẹjọ́ náà kò sí lábẹ́ agbára òun. “Aǹtí, ṣé ẹ rí i? Òfin ò mú ẹnikẹ́ni.”

Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ kan ní Fort Worth, ní Texas, ní kí Skiplagged san mílíọ̀nù 9.4 dọ́là fún American Airlines. Orí lílo àmì ilé-iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ ni ìdájọ́ náà dá lé, kì í ṣe orí èrò tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Ọmọdé kan tó ń lọ sí Charlotte lọ́dún 2023 pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì New York kò tiẹ̀ kúrò ní pápákọ̀ Gainesville ní Florida kí wọ́n tó fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ ìpínlẹ̀ North Carolina tó mú dání ló tú u fó. Wọn ò mú un dé kóòtù, wọn ò sì gbé e lọ síbi tó ń lọ. Lójú tèmi, ibi tí ọkọ ọmọ ti ṣìnà ni pé ẹ̀rù ilé-ẹjọ́ ló ń bà á, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ bàlúù ò nílò adájọ́ kankan. Àdéhùn tí èrò fọwọ́ sí nígbà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti gbà wọ́n láàyè láti pa ìyókù rẹ̀ rẹ́.

Aǹtí fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó gùn díẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Kúpọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó ní: Lagos sí London, London sí Manchester, Manchester sí London, London sí Lagos. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó. Bí Màmá bá fo ìkejì, kọ̀ǹpútà á kọ no-show sí i, ìyẹn ẹni tí kò yọjú, á sì kó ìkẹta àti ìkẹrin dànù. Ẹrù rẹ̀ náà á máa lọ sí Manchester. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: “Àbúrò mi, ẹni tó gbé báàgì kan ṣoṣo kọ́ èjìká, tí kò sì ní padà wá, ni wọ́n ń ṣe fídíò yẹn fún.”

Èsì ọkọ ọmọ ò gùn. Tó bá di àkókò àbọ̀, àwọn á gbé Màmá wọ rélùwéè lọ sí Manchester, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni. Nípa ẹrù, àwọn á bẹ àwọn tó wà ní kántà. Àkọ́bí tó wà ní Bódìjà náà dá sí i pé kí Aǹtí má fi àwọn sínú ìnáwó. Aǹtí bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó fi àmì WCHR sórí PNR, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìrìn èrò nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti Màmá.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ yé. Àmọ́ nígbà tí mo wo fáìlì náà dáadáa, mo rí i pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni gbogbo wọn wò. Kò sí ẹni tó wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kan náà, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá Màmá lè fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Màmá ti di ẹrù rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún.

Wọ́n gbéra n'Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan, torí kò sẹ́ni tó mọ bí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó ṣe máa rí. Nígbà tí wọ́n dé kántà ní Ìkẹjà, àkọ́bí ní kí wọ́n kọ London sára ẹrù. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo ẹ̀rọ, ó wo Màmá, ó ní: “Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì bá parí sí ni ẹrù ń lọ, sà.” Ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà bi í pé ṣé Màmá ò lọ sí Manchester ni? Àkọ́bí pa ẹnu mọ́. Bébà MAN, àmì Manchester, wé mọ́ ọwọ́ àpótí méjèèjì. Ẹ̀lùbọ́, gàrí, aṣọ òkè ìkómọ àti ọṣẹ dúdú ló wà nínú wọn, àti, nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ aṣọ òkè náà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti oṣù mẹ́ta.

Ìdájí kùtùkùtù ni bàlúù balẹ̀ sí Heathrow. Ibi yìí ló gba àfiyèsí mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí fídíò kankan tó máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lè yà sápá ọ̀tún kó jáde. Màmá ò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi orúkọ Màmá hàn lára bébà ló ń tì í, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó tì í dé ẹnu ọ̀nà bàlúù Manchester. Ẹni tó bá tibi òkèèrè dé, tó fẹ́ bọ́ sínú bàlúù tó ń lọ sí ìlú míì nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Heathrow níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Wọ́n tì í dé iwájú òṣìṣẹ́ ìwọlé. Ó bi Màmá ní ibi tó ń lọ.

“My daughter. Croydon.”

Òṣìṣẹ́ náà wo bóòdìn páàsì: Manchester. Ó tún bi í. Màmá tún ní Croydon. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní irọ́, bí wọ́n bá sì kọ́ ọ, kò ní pa á. Wọ́n ní kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi jókòó síbẹ̀, títí wọ́n fi pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó wà nínú lẹ́tà. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà gbé fóònù, kó sì sọ òótọ́. Físà Màmá mọ́, àdírẹ́sì bá fọ́ọ̀mù mu, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ẹ fojú inú wo ẹlòmíràn tí àdírẹ́sì rẹ̀ ò bá ìwé mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin tó ń tì í tún doríkọ ẹnu ọ̀nà Manchester. Màmá di àga mú, ó ń pariwo pé ọkọ ọmọ òun wà níta. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ bàlúù. Òṣìṣẹ́ náà rọra ṣàlàyé fún un pé tó bá jáde, ìrìn rẹ̀ parí síbẹ̀. Màmá mi orí. Wọ́n kọ ọ́ sórí PNR pé èrò náà fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lọ mọ́, àti pé ẹbí rẹ̀ ń dúró dè é.

Ọkọ ọmọ ti pe Aǹtí kí Màmá tó jáde. Aago kan náà là ń lò pẹ̀lú wọn nígbà ẹ̀rùn wọn. Kò tíì tó aago mẹ́fà ààbọ̀ n'Ìbàdàn, Aǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀: bàlúù Manchester ò tíì gbéra, ó ṣì ku wákàtí kan àti díẹ̀. Ó ní kó lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù náà báyìí-báyìí, kó sọ pé London ni Màmá máa dúró sí, kí wọ́n yọ kúpọ́ọ̀nù kejì, kí wọ́n tún owó ṣírò, kí wọ́n sì dá àbọ̀ sí. Kó san iye tí wọ́n bá pè.

“Aǹtí, bí a bá lọ sọ fún wọn, wọ́n á mọ̀.”

Wọ́n ti mọ̀. Wákàtí kan yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Kí bàlúù tó lọ, àtúnṣe tíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tó ń béèrè, owó rẹ̀ lè dùn ún, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn tí bàlúù bá ti lọ, ẹni tí kò yọjú ni Màmá, òfin ẹni tí kò yọjú sì le ju ti ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe lọ. Ọkọ ọmọ gbé Màmá sínú mọ́tò, wọ́n lọ sí Croydon.

Ẹrù ò bá wọn lọ. Nítorí ààbò, wọn kì í gbé ẹrù èrò tí kò wọ bàlúù, nítorí náà wọ́n ní láti wá àpótí méjèèjì jáde nínú ikùn bàlúù náà kó tó gbéra. Àwọn èrò Manchester jókòó dúró dè wọ́n. Nígbà tí ọkọ ọmọ pè pé kí wọ́n bá òun gbé ẹrù wá sílé, wọ́n ní ẹrù tó bá sọnù làwọn ń gbé wálé, èyí ò sọnù. Kó wá gbé e. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí i kó, ó sì ní láti gba àyè níbi iṣẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, Màmá ò rí oògùn lò. Wọ́n wá dókítà aládàáni kan kó kọ oògùn fún un, wọ́n fi àwòrán páálí tó kù sílé Ọjẹ́ ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn. Owó dókítà náà ti jẹ díẹ̀ nínú ₦210,000.

Ìwé ìfagilé tíkẹ́ẹ̀tì ti dé lọ́jọ́ tí Màmá balẹ̀ gan-an, àmọ́ íméèlì ẹ́jẹ́ńtì ńlá ti Èkó ló dé sí, ó sì di ọjọ́ kejì kí Aǹtí tó rí i. Kúpọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ti di lílò. Mẹ́ta tó kù ṣì ń kọ “open”, àmọ́ kò sí ìjókòó kankan lẹ́yìn wọn mọ́. Àwọn tí wọn ò mọ iṣẹ́ yìí máa ń rí “open” yẹn, wọ́n á rò pé nǹkan ṣì dáa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó díẹ̀ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé èèyàn lè wọ bàlúù.

Aǹtí sọ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yanjú rẹ̀. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀ ná, wọ́n ti bímọ, ìkómọ ń bọ̀, ìgbà ṣì wà. Ìgbà tí wọ́n tún rántí, oṣù Kọkànlá ti wọlé. Físà Màmá ò ní jẹ́ kó kọjá àárín oṣù Kejìlá níbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà nílùú òyìnbó ń rọ́ bọ̀ wálé fún Kérésì. Owó London sí Lagos ti gun òkè àjà.

Ọkọ ọmọ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ bàlúù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè lo ohun tó kù nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà, bó bá jẹ́ pé àwọn á ṣírò rẹ̀ bí ìrìn tí Màmá rìn gan-an, ìyẹn Lagos sí London, ní iye ti tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣì kù láti tà, kí wọ́n sì fi owó no-show kún un. Àwọn ìjókòó olówó kékeré ti tán. Iye tí wọ́n pè ju iye tí ẹ́jẹ́ńtì míì lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ tuntun lọ.

Àkọ́bí wá gbé ọgbọ́n tirẹ̀ dé. Kí Aǹtí kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ Màmá ló ru ní Heathrow, ìdí nìyẹn tí kò fi lè lọ sí Manchester. Òun á wá dókítà tó máa fọwọ́ sí i. Aǹtí kọ̀ jálẹ̀. Ó dára bó ṣe kọ̀, kì í ṣe tìtorí ẹ̀sìn nìkan: ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yẹn kọ sórí PNR ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fi ìwé dókítà irọ́ ránṣẹ́ ti di ẹlẹ́tàn lójú wọn, orúkọ Màmá sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Obìnrin tó ń fẹ́ gba físà nígbà míì ò gbọdọ̀ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ọkọ ọmọ tún ní òun á fi wọ́n sun NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà bàlúù ní Nàìjíríà. Aǹtí ṣàlàyé fún un pé ìlànà NCAA wà fún èrò tí wọ́n já sílẹ̀, tí wọ́n fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, tàbí tí wọ́n fagi lé bàlúù rẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀ láti wọ bàlúù, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ bá a gbà. Níkẹyìn wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ nìkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ míì tó ń gba Àríwá Áfíríkà, ₦790,000. Màmá jókòó ọ̀pọ̀ wákàtí ní pápákọ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn, ó dé Ìkẹjà láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Aǹtí rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ́jẹ́ńtì ńlá ti Èkó pè é pé ADM dé. Àwọn tó bá jẹ́ tuntun nínú iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé ADM ni ìwé gbèsè tí ilé-iṣẹ́ bàlúù ń fi ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ńtì tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Iyàtọ̀ tó wà láàárín owó Manchester àti owó London ni wọ́n béèrè, wọ́n fi owó iṣẹ́ lé e. Orúkọ ẹ́jẹ́ńtì ńlá ló wà lára rẹ̀, àmọ́ ta ló máa san án? Wọ́n yọ ọ́ nínú owó Aǹtí tó wà lọ́wọ́ wọn, kó tó dì pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀.

Àyè wà láti jà á, àyè náà kì í sì í gùn. Aǹtí kọ̀wé, ó ṣàlàyé pé òun kìlọ̀ fún oníbàárà, ó sì so àwòrán ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ìtumọ̀ ohùn tó fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. Ohun tó fi gbèjà ara rẹ̀ ló dá a lẹ́bi. Èsì wọn kúrú: ẹ̀rí tí ẹ fi ránṣẹ́ fi hàn pé ẹ mọ̀, kí ẹ tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà, pé èrò ò ní lọ sí Manchester. Bí kò bá mọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ìkìlọ̀ máa ń gba ẹ́jẹ́ńtì lọ́wọ́ oníbàárà. Kì í gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàlúù, torí ohun tí àdéhùn wọn kà léèwọ̀ ni pé kéèyàn mọ̀ kó sì tà á. Àkọ́bí san ìdajì fún un nígbà tó yá. Ìdajì tó kù ti wọlé sínú iṣẹ́.

Ohun tí Aǹtí ń ṣe báyìí yàtọ̀. Bí oníbàárà bá sọ pé òun fẹ́ fo apá kan, kì í jiyàn, kì í sì í fi ohùn gígùn ránṣẹ́ mọ́. Kò kàn ní tà á. Á wo ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn, á wo ilé-iṣẹ́ tó ń yà síbì kan, á sì gbé iye méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ tó bófin mu. Mo bá a padà sẹ́yìn wo ọ̀sẹ̀ Màmá nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: bàlúù tó gba Casablanca ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n kọ London sórí rẹ̀ gẹdẹgbẹ, iye rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Manchester lọ.

Oníṣòwò Gbági kan tún wá bá a láìpẹ́ yìí. Istanbul ló ń lọ rajà, ó sì ti rí tíkẹ́ẹ̀tì London tó gba Istanbul, tó dín owó. Kò ní físà London. Aǹtí kàn bi í pé kí ló fẹ́ fi hàn wọ́n ní kántà Ìkẹjà, torí ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì parí sí ni wọ́n ń yẹ físà rẹ̀ wò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ra Istanbul. Ọ̀ràn míì tún wà tí wọ́n kì í ronú sí: bí bàlúù àkọ́kọ́ bá fa ọwọ́ sẹ́yìn, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ èrò ni kí wọ́n gbé e dé ìlú tó wà ní ìparí tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lè gbé e gba ibòmíràn, kó má fojú kan ìlú tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí rárá.

Fún ẹni tí wàhálà bá sì dé bá lójijì, tí àìsàn tàbí ọ̀nà tó dí ò jẹ́ kó dé ìdí bàlúù, ohun tí fáìlì yìí kọ́ mi ni pé aago ló ṣe pàtàkì. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàlúù kí bàlúù tí ẹ fẹ́ pàdánù tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí PNR, kí ẹ sì gba orúkọ ẹni tó gbọ́ tẹlifóònù àti aago tó gbọ́ ọ. Ẹ wá ní kó ka kúpọ́ọ̀nù tó kù fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ èyí tó ṣì ní ìjókòó àti èyí tí kò ní, kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.